"Ẹbọ ẹ̀ṣẹ̀" ni àbí "ẹbọ ìwẹ̀nùmọ́"? Lórí bí a ṣe ń túmọ̀ hattat

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o.

Mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ kọ láti ìjẹta lórí orúkọ àwọn ẹbọ inú ìwé Léfítíkù. Ẹ̀gbọ́n wa kan ní ká pa ọ̀rọ̀ náà "ẹbọ" tì pátápátá, ká máa lo "ọrẹ" dípò rẹ̀, torí pé ẹbọ ń kọ àwọn onígbàgbọ́ òde òní létí. Ẹlòmíràn ní ká sọ "ẹbọ ẹ̀ṣẹ̀", èyí tí èdè Hébérù ń pè ní hattat, di "ẹbọ ètùtù". N kò fara mọ́ ìkankan nínú méjèèjì, ṣùgbọ́n èkejì yẹn ló ká mi lára jù.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ti "ẹbọ" kúrò nílẹ̀. Korban ni orúkọ tí èdè Hébérù ń pe gbogbo rẹ̀ lápapọ̀, inú ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí sísún mọ́ ló sì ti jáde: ohun tí èèyàn mú sún mọ́ Ọlọ́run. Ó lè jẹ́ akọ màlúù, àgùntàn tàbí ẹyẹlé. Ó lè jẹ́ ìyẹ̀fun lásán tí wọ́n da òróró sí, tí wọ́n fi tùràrí lé lórí. Tí a bá pe èyí ní "ọrẹ", owó tí wọ́n ń jù sínú igbá lọ́jọ́ Ìsinmi ló máa sọ sí ẹni tó ń kà á lọ́kàn. Kò ní rí iná, kò ní rí ẹ̀jẹ̀, kò ní gbóòórùn ọ̀rá tó ń jó. Ẹbọ tiwa náà kì í ṣe ti ẹran nìkan. Ẹ̀kọ wà níbẹ̀, epo wà níbẹ̀, obì wà níbẹ̀; wọ́n á fún òrìṣà ní tirẹ̀, àwọn èèyàn á sì jẹ ìyókù. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni shelamim rí, èyí tí Bíbélì wa ń pè ní ẹbọ àlàáfíà: ọ̀rá á lọ sórí pẹpẹ, igẹ̀ àti itan ọ̀tún á di ti àlùfáà, ẹni tó mú un wá àti àwọn ará ilé rẹ̀ á jẹ èyí tó kù, kò sì gbọ́dọ̀ di ọjọ́ kẹta. (Ọ̀dọ̀ àwọn Lárúbáwá la ti gba "àlàáfíà" fúnra rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ní ká lé e jáde nínú Bíbélì.) Ajayi Crowther tó ṣáájú nínú títúmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá, ọmọ Òṣogùn, tí wọ́n bí sáàárín àwọn tó ń rúbọ, mọ ohun tí ẹbọ jẹ́ dáadáa. Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ bó ṣe wà.

Ọ̀rọ̀ hattat ló yẹ ká jókòó tì.

Àbúrò mi obìnrin bímọ lọ́dún tó kọjá. Tó bá ń fọ́mọ lọ́yàn lóru, á máa ka Bíbélì lórí fóònù kí oorun má bàa gbé e lọ. Lóru ọjọ́ kan ó kan Léfítíkù orí 12, ilẹ̀ kò tíì mọ́ tó fi pè mí. "Bùọ̀dá mi, ẹ bá mi wo nǹkan yìí. Wọ́n ní tí obìnrin bá bímọ, kó mú ẹyẹlé wá fún ẹbọ ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ wo ni mo ṣẹ̀?" Mo ń gbọ́ tí ọmọ náà ń sunkún lẹ́yìn ọ̀rọ̀ rẹ̀. N kò ní èsì kankan láti fún un láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ó sì dùn mí, nítorí ìbéèrè náà tọ́.

Ẹ padà lọ ka orí náà. Ìyá tó bí ọmọkùnrin á ka 40 ọjọ́, èyí tó bí ọmọbìnrin á ka 80, lẹ́yìn náà á mú ọ̀dọ́ àgùntàn ọlọ́dún kan wá fún ẹbọ sísun, á sì mú ọmọ ẹyẹlé tàbí àdàbà kan wá fún hattat. Ẹni tí kò bá lágbára àgùntàn á mú ẹyẹ méjì wá, ohun tí Lúùkù sì sọ pé àwọn òbí Jésù ṣe nìyẹn. Kò síbi tí wọ́n ti ní obìnrin náà ṣẹ̀. Ní orí 4, níbi tí ẹnì kan ti ṣèèṣì ṣẹ̀ lóòótọ́, ohun tí wọ́n fi parí rẹ̀ ni pé a ó dárí jì í. Ní orí 12, ohun tí wọ́n fi parí rẹ̀ ni pé obìnrin náà yóò mọ́. Ìdáríjì ni ti àkọ́kọ́, mímọ́ ni ti èkejì. Násírì, ìyẹn ẹni tó jẹ́jẹ̀ẹ́ láti ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ fún Ọlọ́run, tó pa ẹ̀jẹ́ rẹ̀ mọ́ títí tó fi pé náà ń mú hattat wá, ó wà nínú Númérì orí 6. Nínú Ẹ́kísódù orí 29, wọ́n rú hattat nítorí pẹpẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe. Ẹ̀ṣẹ̀ wo ni pẹpẹ lè ṣẹ̀?

Òótọ́ ni pé ọ̀rọ̀ kan náà ni Hébérù ń lò fún ẹ̀ṣẹ̀ àti fún ẹbọ yìí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìṣe rẹ̀ ní ìrísí kan tó ń yí ìtumọ̀ rẹ̀ po: kàkà kó jẹ́ "ṣẹ̀", á di "mú ìdọ̀tí kúrò". Ìrísí yẹn ló wà nínú Sáàmù 51, níbi tí onísáàmù ti bẹ Ọlọ́run pé kó fi hísópù sọ òun di mímọ́. Jacob Milgrom, ọ̀mọ̀wé Júù tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣàlàyé Léfítíkù, dúró lé èyí pé orúkọ tó yẹ ẹbọ náà ni ẹbọ ìwẹ̀nùmọ́. Àwọn tó kọ́kọ́ túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Gíríìkì ló lo ọ̀rọ̀ "ẹ̀ṣẹ̀", Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀ lé wọn, tiwa náà sì tẹ̀ lé e. N kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi.

Ohun tó tún jẹ́ kó dá mi lójú ni bí wọ́n ṣe ń rú ẹbọ náà gan-an. Àlùfáà á gba ẹyẹlé náà lọ́wọ́ ìyá ọmọ. Kò ní lo ọ̀bẹ. Gẹ́gẹ́ bí àwọn rábì ṣe ṣàlàyé rẹ̀, èékánná ni á fi já ọrùn rẹ̀ láti ẹ̀yìn, síbẹ̀ kò ní já orí kúrò lára ọrùn. Á wọ́n díẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ náà sí ẹ̀gbẹ́ pẹpẹ, á sì jẹ́ kí ìyókù ro sí ìdí pẹpẹ. Ẹ̀kán kan kò kan obìnrin náà. Adẹ́tẹ̀ tí ara rẹ̀ ti yá ni wọ́n ń wọ́n ẹ̀jẹ̀ ẹyẹ sí lára nígbà méje, wọn kò sì pe ẹyẹ yẹn ní hattat. Pẹpẹ ni ẹ̀jẹ̀ hattat ń fọ̀. Ojú tí Milgrom fi wò ó ni pé àìmọ́ àwọn èèyàn máa ń lọ lẹ̀ mọ́ ibi mímọ́, bí wọn kò tiẹ̀ dé ibẹ̀. Bí èéfín ilé ìdáná ni mo ṣe rí i: ìsàlẹ̀ la ti ń dáná, àjà ló ń dúdú.

Ìdí nìyí tí "ètùtù" kò fi lè bá a mu. Ẹni tí inú ń bí là ń tù, inú kò sì bí ẹnikẹ́ni sí ìyá ọmọ yẹn. Yàtọ̀ sí ìyẹn, Bíbélì wa ti fi ètùtù túmọ̀ ọ̀rọ̀ Hébérù mìíràn, kipper, kipper sì wà nídìí ẹbọ sísun náà, ní Léfítíkù 1:4. Tí a bá fún hattat lórúkọ yẹn, kí la ó fi mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí àwọn yòókù?

Ẹnì kan á ní omi là ń fi wẹ nǹkan, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Ẹ tẹ́tí sí àwọn tó ń gbàdúrà nínú ṣọ́ọ̀ṣì: "Ẹ̀jẹ̀ Jésù, wẹ̀ mí mọ́." Èdè ti gbà á tipẹ́. "Ìwẹ̀nùmọ́" pàápàá kì í ṣe àjèjì nínú Bíbélì wa. Ó sì gba méjèèjì mọ́ra: ẹni tó ṣẹ̀ nílò kí wọ́n nu ohun tó bà jẹ́, ẹni tó bímọ náà nílò rẹ̀. "Ẹbọ ẹ̀ṣẹ̀" kò gba ìyá ọmọ mọ́ra láìjẹ́ pé ó bà á lórúkọ jẹ́. Láti ọdún 70, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Róòmù dáná sun Tẹ́ḿpìlì Jerúsálẹ́mù, àwọn Júù kò rú hattat mọ́. Orúkọ rẹ̀ nìkan ni àbúrò mi bá pàdé lóru yẹn.

Ní ti ẹbọ sísun, ẹ má jẹ́ ká fi ọwọ́ kàn án. Òótọ́ ni pé "ohun tó gòkè" ni Hébérù pè é, ṣùgbọ́n iná ni ojú ń rí, ó sì yé gbogbo èèyàn.

Ohun kan ṣoṣo ni n kò tíì rí ọgbọ́n dá sí. Ní Léfítíkù 4:3, Hébérù fi ọ̀rọ̀ kan náà dárà: àlùfáà ṣẹ̀, ó sì mú hattat wá nítorí hattat rẹ̀. "Ẹbọ ẹ̀ṣẹ̀" pa ìró yẹn mọ́, "ẹbọ ìwẹ̀nùmọ́" sọ ọ́ nù, ó sì ń dùn mí. Ta ló ní ọ̀rọ̀ Yorùbá kan nínú yín tó lè gbé ẹ̀ṣẹ̀ àti fífọ̀ rẹ̀ pọ̀, tí kò sì ní dá ìyá ọmọ lẹ́bi?