Àṣà, àtọwọ́dọ́wọ́ tàbí ìfilénilọ́wọ́: èwo ni ká mú?

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, mo kí yín kú iṣẹ́ èdè. Mo ka lẹ́tà méjì tó dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ ní àkàtúnkà kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ tèmi. Ẹni àkọ́kọ́, tó ń túmọ̀ ìwé ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ fún àwọn ọmọ Ìjọ Àgùdà, bèèrè ohun tí òun yóò máa pe nǹkan tí Ìjọ náà ń gbé sí ẹ̀gbẹ́ Ìwé Mímọ́, èyí tí èdè Látìnì ń pè ní traditio. Òun fúnra rẹ̀ sì dábàá "Àṣà Mímọ́". Ẹnì kejì dá a lóhùn pé kò sí ohun tí a tún ń wá kiri, pé "òfin àtọwọ́dọ́wọ́" ti wà nínú Bíbélì Yorùbá láti ọjọ́ pípẹ́, àti pé ẹni tó bá fẹ́ sọ ti àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì kò ní ju "Ìwé Mímọ́ nìkan" lọ láti sọ. Kí àwọn méjèèjì má bínú, ṣùgbọ́n n kò lè fọwọ́ sí ìkankan nínú ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ti àṣà kò gba àkókò. Ohun tí ó ti mọ́ àwọn ènìyàn lára láti máa ṣe ni a ń pè bẹ́ẹ̀. Àṣà a máa yí padà, a máa kú, a sì lè gba ti ẹlòmíràn wọ̀ bí ẹ̀wù. Ìjọ Àgùdà ní irú rẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu: àwọn àlùfáà ìlànà Látìnì kì í sábà jẹ́ ẹni tó gbéyàwó, ṣùgbọ́n nínú àwọn Ìjọ Ìlà-Oòrùn tí wọ́n wà ní ìṣọ̀kan pẹ̀lú Róòmù, ọkùnrin tó ti láya nílé lè di àlùfáà. Ìjọ náà fúnra rẹ̀ sọ pé irú nǹkan báyìí lè yí. Ọ̀tọ̀ pátápátá ni ohun tí ó gbà pé ó ti ọ̀dọ̀ Kristi wá nípasẹ̀ àwọn Àpọ́sítélì, tí òun kò sì ní àṣẹ láti pààrọ̀. Àwọn tó ń kọ èdè Gẹ̀ẹ́sì a máa fi lẹ́tà ńlá ya èyí sọ́tọ̀ kúrò lára tọ̀hún, ó sì jọ pé ohun tí ẹni àkọ́kọ́ ń rò nìyẹn. Lẹ́tà ńlá kò ní ohùn. Bí olùkọ́ bá dúró níwájú àwọn ọmọ, tó ń ka ìwé náà sókè, àṣà ni etí wọn yóò gbọ́. "Mímọ́" tí a so mọ́ ọn kò sì gbà wá, nítorí pé àṣà mímọ́ lè jẹ́ àwẹ̀, ó sì lè jẹ́ àbẹ́là títàn.

Níbi òfin àtọwọ́dọ́wọ́ ni mo ti fẹ́ pẹ́ díẹ̀. Ẹ ṣí Bíbélì àtijọ́ tí a mọ̀ mọ́ orúkọ Àjàyí Crowther sí Mátíù orí 15 àti Máàkù orí 7, níbi tí àwọn Farisí ti ń bèèrè ìdí tí àwọn ọmọ-ẹ̀yìn Jésù fi ń jẹun láì wẹ ọwọ́. "Òfin àtọwọ́dọ́wọ́" ni a pe ohun tí Jésù torí rẹ̀ bá wọn wí. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó wà níbẹ̀ ni paradosis, èyí tó bá traditio ti Látìnì dọ́gba. Ẹ wá ṣí i sí Tẹsalóníkà Kejì 2:15, níbi tí Pọ́ọ̀lù ti ń gba àwọn ará níyànjú pé kí wọ́n di ohun tí wọ́n ti gbà mú, ìbáà jẹ́ èyí tí wọ́n gbà lẹ́nu, ìbáà jẹ́ èyí tí wọ́n gbà nínú ìwé. Paradosis kan náà ló wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n "ẹ̀kọ́" ni Bíbélì Yorùbá kọ. Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti 1611 kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló fi túmọ̀ méjèèjì. Ẹni tó bá ń ka Yorùbá nìkan kò lè fura láé pé ohun tí Jésù bá àwọn ènìyàn wí lé lórí àti ohun tí Pọ́ọ̀lù ní kí a dì mú ń jẹ́ orúkọ kan náà.

N kò fi èyí pe àwọn olùtumọ̀ ní ẹlẹ́tàn o. Ọwọ́ wíwẹ̀ àwọn Farisí jọ òfin lóòótọ́, ohun tí Pọ́ọ̀lù fi sílẹ̀ sì jọ ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ ni pé òfin àtọwọ́dọ́wọ́ ti jẹ̀bi kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ọmọ Ìjọ Àgùdà tó bá dìde tó ní "àwa di òfin àtọwọ́dọ́wọ́ mú" ti fi ẹnu ara rẹ̀ ka ẹ̀sùn Máàkù 7:8 sí ara rẹ̀ lọ́rùn. Kò yẹ kí olùtumọ̀ fún ẹnikẹ́ni ní ọ̀rọ̀ tí yóò pa á lẹ́nu kí ó tó ṣàlàyé ara rẹ̀, ì báà ṣe pé olùtumọ̀ náà kò gba ohun tí ẹni náà gbà gbọ́.

Bí a bá wá bọ́ "òfin" kúrò ńkọ́, tí a fi "àtọwọ́dọ́wọ́" sílẹ̀? Ọ̀rọ̀ tó dára ni, ẹni tó bá tú u yóò rí i: láti ọwọ́ dé ọwọ́. Ohun tí mo rí tí ó kù níbẹ̀ ni ẹni tó fúnni. Àhesọ pàápàá a máa ti ọwọ́ dé ọwọ́, tàbí kí n ní ẹnu dé ẹnu, kò sì sí ẹni tó rán an. Ohun tí Ìjọ Àgùdà ń wí yàtọ̀: ẹnì kan fi nǹkan sí ìkáwọ́ ẹnì kan, ó sì ń retí pé kí ó pa á mọ́ kí ó sì fi fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Yorùbá ti ní ọ̀rọ̀-ìṣe fún èyí tipẹ́. Fífi lé ẹni lọ́wọ́ ni, inú rẹ̀ ni mo sì ti fa ìfilénilọ́wọ́ tí mo ń dábàá yọ. Àwọn olùtumọ̀ Bíbélì kò sì kọ̀ ọ́. Nínú Kọ́ríńtì Kìíní 11:2, ẹ̀kọ́ náà tún yọjú, ṣùgbọ́n wọ́n fi kún un pé Pọ́ọ̀lù fi í "lé yín lọ́wọ́".

Orí kan náà yìí ní ohun ìyanu kan nínú. Ní ẹsẹ 23, Pọ́ọ̀lù ní ohun tí òun gbà lọ́wọ́ Olúwa ni òun fi lé wọn lọ́wọ́, pé ní òru ọjọ́ tí a fi Olúwa hàn ni ó mú àkàrà. Ní Gíríìkì, ọ̀rọ̀-ìṣe tó wà fún "fi lé lọ́wọ́" ló tún wà fún "fi hàn": ohun tí Pọ́ọ̀lù ṣe sí ẹ̀kọ́ àti ohun tí Júdásì ṣe sí Olúwa, ọ̀rọ̀ kan ni. Látìnì náà rí bẹ́ẹ̀. Nígbà inúnibíni olú-ọba Diocletian, tó bẹ̀rẹ̀ ní 303, wọ́n pàṣẹ pé kí a kó àwọn Ìwé Mímọ́ jáde kí a sì dáná sun wọ́n. Àwọn àlùfáà tó kó ìwé lé àwọn aláṣẹ lọ́wọ́ ni àwọn Kristẹni Àríwá Áfíríkà ń pè ní traditores, láti inú ọ̀rọ̀ kan náà tó bí traditio. Ẹni tó bá rò pé Ìwé àti ìfilénilọ́wọ́ jẹ́ ọ̀tá láti ìbẹ̀rẹ̀ ti rí ẹ̀rí nìyẹn, bí ó bá fẹ́ràn àwàdà!

Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú àbá mi ni pé àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ wa ń ṣe iṣẹ́ tí Látìnì kò lè dá ṣe. Traditio lè jẹ́ ìṣe, ó sì lè jẹ́ nǹkan tí a fi fúnni, àwọn onímọ̀ ẹ̀kọ́ Ọlọ́run sì ní láti wá ọ̀rọ̀ àpèjúwe kún un kí wọ́n tó lè yà wọ́n. Àwa kò nílò rẹ̀. Bí a ti ní ìpamọ́ àti àpamọ́, bẹ́ẹ̀ ni ìfilénilọ́wọ́ yóò jẹ́ ìṣe náà, àfilénilọ́wọ́ yóò sì jẹ́ ohun tí a fi léni lọ́wọ́. Àṣà a wá dúró sí àyè tirẹ̀, fún àwẹ̀, aṣọ àlùfáà àti irú wọn.

Olùtumọ̀ wa tún kọ gbólóhùn kan tí mo fẹ́ kí ó yẹ̀ wò. Ó ní Àpéjọ Ńlá Trent, ìpàdé àwọn bíṣọ́ọ̀bù Ìjọ Àgùdà, kọ́ni pé "apá kan òtítọ́ wà nínú ìwé, apá kan wà nínú àṣà". Àpéjọ náà kò sọ bẹ́ẹ̀. Ní tòótọ́, partim … partim, apá kan … apá kan, wà nínú àkọsílẹ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé kalẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ìwé náà jáde ní ọjọ́ 8 oṣù kẹrin 1546, wọ́n ti yọ ọ́, wọ́n sì fi et rọ́pò rẹ̀: òtítọ́ náà wà nínú àwọn ìwé tí a kọ àti nínú àwọn àfilénilọ́wọ́ tí a kò kọ. "Àti" kékeré yìí fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tó gbà pé gbogbo òtítọ́ ló wà nínú Ìwé Mímọ́ lọ́nà kan, tí ìfilénilọ́wọ́ sì ń ṣí i payá. Ọ̀rọ̀ náà tún gbóná ní Vatican Kejì, àpéjọ ńlá mìíràn ti Ìjọ náà. Ní oṣù kọkànlá 1962, bíṣọ́ọ̀bù 1,368 dìbò pé kí a dá ìjíròrò dúró lórí àkọsílẹ̀ tí a pè ní ti "àwọn orísun" ìṣípayá, 822 sì ní kí ó máa lọ. Ìdìbò náà kò tó ìdá méjì nínú mẹ́ta, ṣùgbọ́n Póòpù Johanu Kẹtàlélógún dá ìwé náà padà. Dei Verbum, ìwé tí àpéjọ náà fi sọ ẹ̀kọ́ rẹ̀ lórí ìṣípayá, tó jáde ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá 1965, wá sọ pé orísun kan ṣoṣo ni Ìwé Mímọ́ àti ìfilénilọ́wọ́ ti ń ṣàn wá. Nítorí náà, kí á ṣọ́ra fún "orísun méjì" àti "apá kan".

Fún magisterium, orúkọ Látìnì fún iṣẹ́ Póòpù àti àwọn bíṣọ́ọ̀bù láti máa túmọ̀ Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run fún Ìjọ, "àwọn aláṣẹ Ìjọ" ni mo rí nínú ìtumọ̀ olùtumọ̀ wa. Ta ni yóò gbọ́ "aláṣẹ" tí etí rẹ̀ kò ní retí "èkejì òrìṣà"? Ọ̀rọ̀ náà gbé àwọn bíṣọ́ọ̀bù gun orí ohun tí wọ́n ń túmọ̀, bẹ́ẹ̀ Dei Verbum sọ ní gbangba pé ipò yìí kò ga ju Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run lọ, pé ìránṣẹ́ rẹ̀ ni. Magister, olùkọ́, ló wà nídìí ọ̀rọ̀ Látìnì náà. "Ipò ìkọ́ni" ni n ó pè é. Bákan náà, ohun tí Vatican Kìíní kéde nípa Póòpù ní 1870 kì í ṣe "àìlẹ́ṣẹ̀", nítorí Póòpù pàápàá a máa jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ níwájú àlùfáà. Àìlèṣìnà ni, ó sì mọ sí ìgbà tó bá ń fi ipò rẹ̀ ṣe ìpinnu fún gbogbo Ìjọ lórí ìgbàgbọ́ tàbí ìwà.

Ó ku "nìkan". Àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì náà ní ẹ̀tọ́ sí ìtumọ̀ tó bá wọn mu. "Ìwé Mímọ́ nìkan", bí a ṣe kọ ọ́ yẹn, yóò jẹ́ kí òǹkàwé rò pé wọn kì í ka ohun mìíràn, wọn kì í sì gbọ́ ti olùkọ́ kankan. Luther, aṣáájú àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì, tó dúró níwájú olú-ọba ní ìlú Worms ní 1521, tó ní àwọn póòpù àti àwọn àpéjọ ti ṣìnà rí, òun náà ló kọ ìwé ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ ní 1529. Ohun tí wọ́n ń wí ni pé gbogbo olùkọ́ yòókù lè ṣìnà, Ìwé nìkan ni kì í ṣìnà. N ó kọ ọ́ báyìí: "Ìwé Mímọ́ nìkan ni òṣùwọ̀n tí a kì í fi òmíràn wọ̀n." Ó gùn, ṣùgbọ́n òótọ́ ni. Bí wọ́n bá sì dé orí iye ìwé inú Bíbélì, 73 fún Ìjọ Àgùdà, 66 fún Pùròtẹ́sítáǹtì, kí olùtumọ̀ má ṣe kọ pé Ìjọ Àgùdà gbà pé òun ló "dá" àwọn ìwé náà "sílẹ̀". Vatican Kìíní sọ pé kì í ṣe nítorí pé Ìjọ fọwọ́ sí wọn ni wọ́n fi jẹ́ mímọ́, bí kò ṣe nítorí pé Ẹ̀mí Mímọ́ ló mí sí wọn. Ó dá wọn mọ̀ ni. Ibi tí ìjà wà gan-an ni bóyá ẹni tó dá wọn mọ̀ lè ṣìnà nínú dídá wọn mọ̀, ìyẹn sì kọjá ohun tí olùtumọ̀ lè fi ọ̀rọ̀ parí.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan yóò ní ìfilénilọ́wọ́ ti gùn jù lẹ́nu ọmọdé. Ẹ jẹ́ ká kà á: sílébù mẹ́fà ni. Òfin àtọwọ́dọ́wọ́ jẹ́ méje.