Ọkọ mi wà nílùú Ọba, maṣíìnì mi ṣì ń kùn

Ẹ̀yìn oṣù kẹta ọdún 2024 ni Bàbá Tìmí gba físà iṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà, ìyẹn lẹ́yìn tí ìjọba ìlú Ọba ti fòfin dè é pé ẹni tó bá fi físà yẹn wọlé kò gbọdọ̀ mú aya àtọmọ dání mọ́. Òun nìkan ló lọ. Bá a ṣe di tọkọtaya orí fóònù nìyẹn.

Kò pẹ́ tó débẹ̀ tó ní kí n fi iṣẹ́ ìránṣọ sílẹ̀, òun á máa fowó ránṣẹ́. Ìyá rẹ̀ kín in lẹ́yìn: “Ìyàwó ará Lọ́ńdọ̀nù tún ń jókòó ti maṣíìnì? Kí laráyé máa sọ?” (Kì í ṣe Lọ́ńdọ̀nù ló wà o, àmọ́ ta ló fẹ́ sọ fún wọn?)

Mo yarí. Owó òkè òkun ti lólúwa kó tó balẹ̀: gbèsè ìrìn àjò á mú tiẹ̀, ilé tá à ń kọ́ á mú tiẹ̀, ẹbí á mú tiwọn. Oṣù tí wọn ò bá fún un ní ṣíìfù tó pọ̀, ọbẹ̀ tiwa ló ń ṣàn.

Ohun tí mo yí padà ni irú iṣẹ́ tí mò ń gbà. Mi ò gba aṣọ ẹbí mọ́. Àìsùn ni, ẹni tó sì ń dá tọ́mọ kò lè máa fòru ránṣọ. Yúnífọ́ọ̀mù ilé ìwé ni mo dì mú. Oṣù kẹjọ sí ìkẹsàn-án ló máa ń gbóná janjan, lẹ́yìn ìyẹn mo lè ti ṣọ́ọ̀bù káwọn ọmọ tó dé.

Èyí tẹ́nì kankan ò kà síṣẹ́ ni ilé kíkọ́ yẹn. Èmi ni mò ń ra sìmẹ́ńtì, èmi ni mò ń bá bíríkìlà fa wàhálà. Ògiri ò tíì ga, wọ́n á ní sìmẹ́ńtì ti tán. Mo bá ní kí wọ́n máa kó àpò òfìfo jọ sójú kan, tí mi ò bá tíì kà á kó pé, kò sówó iṣẹ́. Látìgbà náà ni sìmẹ́ńtì ti ń pẹ́ nílẹ̀.

Mo wá sọ fún Bàbá Tìmí pé kó máa san owó àbójútó ilé fún mi. Ó rẹ́rìn-ín. Mo ní mi ò ṣàwàdà o. Ó ti ń yọ ọ́ sọ́tọ̀ báyìí, òun ni mo fi ra maṣíìnì tí wọ́n fi ń wé etí aṣọ. Ìyá ọkọ mi náà ti kó yúnífọ́ọ̀mù àwọn ọmọọmọ wọn wá fún mi rán. Wọn ò tíì sanwó.