Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń fi kúràn (iná mànàmáná) ilé ṣáájì mọ́tò ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo)?

Ẹ káàárọ̀ o ẹ̀yin èèyàn mi. Àná ni mo lọ gba Nissan Leaf mi, mọ́tò tó ń fi kúràn nìkan rìn, ní Kùtọnu, bátìrì ẹ̀ ń gba kúràn tó tó 40 kWh, èmi fúnra mi ni mo wà á dé Àjàṣẹ́, inú mi ṣì ń dùn títí di ìsinsìnyí! Kò pariwo rárá, kò sí pé à ń yí jíà, tí mo bá ti gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí ibi tí à ń tẹ̀ kó sáré báyìí ó ti ń dẹ̀rìn fúnra ẹ̀, ó sì ń dá kúràn padà sínú bátìrì, ìyẹn gan-an ló wù mí jù. Àmọ́ àwọn onízémìjàn (ọlọ́kadà) kì í gbọ́ mi lẹ́yìn wọn, ẹ̀rù wọn ń bà mí.

Ìṣòro mi rè é: lálẹ́ àná mo fi wáyà ṣáájì ẹ̀ bọ príìsì ilé (ojú iná ara ògiri), 220 fóòtì lásán, mo fi ralọ́ọ̀njì (wáyà àfikún) kún un torí wáyà ẹ̀ ò gùn tó, nígbà tí mo fi máa jí, orí príìsì ti gbóná janjan. Mo yọ ọ́ kíá. Ṣé ralọ́ọ̀njì yẹn ló fà á? Ṣé kí n pe elẹtirísíàn kó fa wáyà tó nípọn fún un lọ́tọ̀? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é, wáyà wo lẹ lò? Sátidé ni mo fẹ́ lọ kí ìyá mi ní Kétu, mi ò fẹ́ kí mọ́tò kú mọ́ mi lọ́wọ́ lọ́nà Pobè o.