"Ìkànkùn" kọ́ ni ìró inú ẹ́ńjìnnì ń ṣe

Ẹ̀yin olùfẹ́ èdè wa, mo kí yín.

Mo ti ka àbá tí arákùnrin wa mú wá, pé kí a máa pe ìró èyíkéyìí tí kò yẹ kí ó jáde láti inú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tí a ti yí padà ní "ìkànkùn ẹ́ńjìnnì", nítorí pé nọ́ọ̀kì, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún kíkànkùn, ni àwọn mẹkáníìkì ń pè é. Mo bọ̀wọ̀ fún akitiyan rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò lè gbà á, "kùn" tó gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀ náà ni ó sì ń bí mi nínú jù. Gbogbo wa mọ̀ pé "kan ilẹ̀kùn" ni ó súnkì di "kànkùn". Ẹni tó ń kànkùn ń tọrọ àyè láti wọlé. Kí ni kóńrọ́ọ̀dù (ọ̀pá tó so písítìn mọ́ kíránkì) tí bèárìn rẹ̀ ti jẹ ń tọrọ? Gẹ̀ẹ́sì ni àbá yìí wò, kò béèrè ohun tí irin ń fi irin ṣe nínú ẹ́ńjìnnì.

Ìpalára rẹ̀ ju ti gírámà lọ. Lábẹ́ nọ́ọ̀kì, Gẹ̀ẹ́sì kó ohun méjì tí kò bára tan pọ̀. Èkíní ni kí irin máa lu irin, bí ìgbà tí àyè bá ti pọ̀ jù láàrin kóńrọ́ọ̀dù àti kíránkì, ọ̀pá ńlá tó ń yí nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì. Èkejì kò ti ọ̀dọ̀ bèárìn tó jẹ wá rárá: àpòpọ̀ epo àti afẹ́fẹ́ tó kù nínú sìlíńdà (ihò tí písítìn ti ń lọ sókè sódò), tí iná pọ́lọ́ọ̀gì kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ni ooru àti ìfúnpá mú kí ó gbiná fúnra rẹ̀ lójijì. Ẹ́ńjìnnì tí a so tọ́bò (ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ wọ inú ẹ́ńjìnnì) mọ́, tàbí èyí tí a sún àsìkò iná pọ́lọ́ọ̀gì rẹ̀ ṣíwájú, ni èyí sábà máa ń bá jà, pàápàá bí ọ́kítéènì epo inú rẹ̀, ìyẹn òṣùwọ̀n bí epo ṣe lè kọ̀ láti gbiná fúnra rẹ̀, kò bá tó. Ti èkíní, a óò tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀. Ti èkejì, a óò dín ìfúnpá tọ́bò kù, a óò dá àsìkò iná padà sẹ́yìn, tàbí kí a wá epo tí ọ́kítéènì rẹ̀ ga jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí wọ́n sọ "ìkànkùn" fún kò tíì mọ èyí tí yóò ṣe.

Nítorí náà ni mo ṣe ní kí a pe èkíní ní "ìlura", kí a sì pe èkejì ní "ìdágbiná". Ìyá wa kan, tí ó rán wa létí pé òun ti kọ́ni ní gírámà láti ìgbà tí ọ̀pọ̀ nínú wa wà ní kékeré, ní "dá" inú ìdágbiná yóò jọ ti "dáná" létí. Ẹ jọ̀wọ́, mà, ẹ jẹ́ kí a wò ó dáadáa. Nínú "dáná", iná ni àbọ̀. Nínú "dágbiná", ọ̀rọ̀-ìṣe mìíràn ni ó tẹ̀lé "dá", gẹ́gẹ́ bí ó ti rí nínú dágbé àti dájẹ. Ọ̀wọ̀ àgbà kò yí ipò ọ̀rọ̀ padà nínú gbólóhùn.

Ohun tó dùn mí jù ni pé èdè wa ti ní ohun èlò fún iṣẹ́ yìí tẹ́lẹ̀. Àwọn àgbà mẹkáníìkì, tí kò ní ẹ̀rọ kankan tó ń ka àṣìṣe ọkọ̀, a máa fi ẹnu sukudiráfà gígùn kan ara ẹ́ńjìnnì, wọn a fi etí lé ìdí rẹ̀, wọn a sì sọ ohun tí wọ́n gbọ́. Táápẹ́ẹ̀tì (irin kékeré tó ń ṣí fáàfù) tí àyè rẹ̀ ti fẹ̀ ń dún tẹ́-tẹ́-tẹ́, ohùn òkè, fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́. Ìdajì eré kíránkì ni ó ń bá rìn, nítorí pé kámúṣáàfù, ọ̀pá tó ń ti táápẹ́ẹ̀tì, ń yí ẹ̀ẹ̀kan nígbà tí kíránkì bá yí ẹ̀ẹ̀mejì. Kóńrọ́ọ̀dù ń dún gbò-gbò-gbò, ohùn ìsàlẹ̀. Ó ń le sí i bí ọ́ìlì bá gbóná, ó sì máa ń rọlẹ̀ bí a bá yọ wáyà pọ́lọ́ọ̀gì sìlíńdà tí ọ̀ràn kàn. Ìdágbiná ní tirẹ̀ ń dún ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ bí òkúta wẹ́wẹ́ nínú agolo, nígbà tí ọkọ̀ bá ń gun òkè tàbí tí ẹrù wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ẹni tó bá da gbogbo wọn pọ̀ lè máa yí táápẹ́ẹ̀tì nígbà tí kóńrọ́ọ̀dù ti fẹ́ dá bulọ́ọ̀kù (ara ẹ́ńjìnnì gan-an) lu, bẹ́ẹ̀ a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Ẹ wo písítìn rírọ, èyí tí a rọ bí alágbẹ̀dẹ ṣe ń rọ irin, tí wọ́n sábà máa ń fi sínú ẹ́ńjìnnì tí wọ́n fẹ́ kí ó lágbára sí i. Ooru a máa mú kí ó wú ju èyí tí a yọ́ dà lọ, nítorí náà àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ fún un nínú sìlíńdà pọ̀ ju ti ìyẹn lọ. Bí ẹ́ńjìnnì bá tutù, yóò máa lu ògiri sìlíńdà; bí ó bá gbóná, yóò dákẹ́, kì í sì í ṣe àìsàn. Ẹnìkan kọ "rírọ" yìí síbí láìfi àmì ohùn sí i, ẹlòmíràn sì kà á ní "rírọ̀", ó wá ń béèrè ìdí tí a ó fi fi ohun tó rọ̀ sínú iná. Àmì ohùn kan péré ni ó sọ ohun tí a rọ di ohun tó rọ̀!

Ẹ̀rọ pàápàá ń jìyà àìmọ ìyàtọ̀ yìí. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, sẹ́ńsọ̀ tí wọ́n dè mọ́ bulọ́ọ̀kù ń tẹ́tí sí ìgbọ̀nrìrì bíi 6,000 sí 7,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kí ó lè dá ìdágbiná mọ̀. Ariwo písítìn rírọ tàbí ti táápẹ́ẹ̀tì líle (èyí tí ọ́ìlì kì í tún àyè rẹ̀ ṣe) lè tàn án, kí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ sì dá àsìkò iná padà láìnídìí, kí agbára ẹ́ńjìnnì sì dínkù.

Ní ti "ẹ́ńjìnnì àtúnṣe", tí àwọn kan fẹ́ kí a máa pe ẹ́ńjìnnì tí a ti yí padà, tí wọ́n sì ń jà lé lórí, n kò fara mọ́ ọn, nítorí pé ohun tó bàjẹ́ ni a ń tún ṣe, ṣùgbọ́n n kò ní jẹ́ kí ó gbà wá lọ́wọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Bí arákùnrin wa bá ṣì dúró lórí ìkànkùn, kí ó fi kọ gbólóhùn kan fún wa, tí mẹkáníìkì lè fi sọ fún ẹni tó ni ọkọ̀ pé èyí tó ń dún láàárọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù kò léwu, ṣùgbọ́n pé èyí tó dún nígbà tí ó ń gun òkè ni kí ó tètè wá nǹkan ṣe sí.