Ecopath: EE ẹja kéékèèké kọ̀, kò wálẹ̀ sí 1

Aláwọ̀n: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àwòṣe etíkun kan ni mo ń ṣe ní Ecopath, ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣírò ẹni tó ń jẹ ẹni nínú omi; ìsọ̀rí ẹ̀dá 14 ló wà níbẹ̀. Gbogbo ẹ̀ ló jókòó àfi ẹja kéékèèké ojú omi: EE wọn (ìdá ohun tí wọ́n mú jáde tí ẹnu àti àwọ̀n ń kó lọ, kò gbọdọ̀ kọjá 1) jẹ́ 2.05. B wọn, ìwọ̀n gbogbo wọn, jẹ́ tọ́ọ̀nù 4 ní kìlómítà onígun mẹ́rin kan, P/B (ohun tí wọ́n ń mú jáde, tí a fi B pín) jẹ́ 2 lọ́dún, apẹja ń kó 2. Ẹja ńlá tó ń jẹ wọ́n: B 1.5, Q/B (ohun tó ń jẹ, tí a fi B pín) 12, P/B 1.8, àwọn ni 0.8 oúnjẹ rẹ̀. Ṣé kí n kàn máa gbé B sókè ni?

OlùṣíròOmi: Rárá o, ẹ má tíì fọwọ́ kan B. Ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí gbèsè ti wá. Wọ́n ń mú 4 × 2 = 8 jáde lọ́dún. Ẹja ńlá ń jẹ 1.5 × 12 = 18, ìdá 0.8 rẹ̀ jẹ́ 14.4, ẹ fi 2 apẹja kún un, ó di 16.4. Ẹ fi 8 pín in, 2.05 yín nìyẹn. Ẹnu ẹja ńlá ni ọ̀ràn wà, kì í ṣe àwọ̀n.

P/Q rẹ̀ (ohun tó mú jáde, tí a fi ohun tó jẹ pín: 1.8 ÷ 12) jẹ́ 0.15, ó wà láàárín 0.1 sí 0.3, nítorí náà Q/B ò jẹ̀bi. Oúnjẹ ni kí ẹ tú wò. Bó bá jẹ́ pé ìta ló ti ń jẹ ìdajì oúnjẹ ọdún rẹ̀, ẹ fi 0.5 sí Import (àyè oúnjẹ tó wá láti ìta àgbègbè àwòṣe), ẹja kéékèèké á di 0.4: 7.2 + 2 = 9.2, EE 1.15. Ẹ wá gbé 0.1 kúrò lára wọn sórí edé: 5.4 + 2 = 7.4, EE 0.925. Àmọ́ 1.8 ti bọ́ sọ́rùn edé o! Ẹ wo EE tirẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

edé_funfun: B náà lè jẹ̀bi. Ibo lẹ ti rí 4 yẹn? Àwọ̀n tí ọkọ̀ ń wọ́ nísàlẹ̀ òkun ń gba abẹ́ irú ẹja bẹ́ẹ̀ kọjá ni, kéékèèké sì ń yọ́ gba ojú àwọ̀n. Ẹ fi àyè B sílẹ̀ lófìfo, ẹ kọ EE 0.95, ètò náà á ṣírò B fúnra rẹ̀: 16.4 ÷ 1.9, bíi 8.6. Bí ìwọ̀n tí wọ́n fi ẹ̀rọ ìró ṣe bá sún mọ́ ọn, oúnjẹ ò lẹ́jọ́.

Ẹ wo ibùgbé náà. Bí 4 bá jẹ́ ti ibi tí wọ́n wà nìkan, tíyẹn sì jẹ́ 0.3 gbogbo àgbègbè, 1.2 péré lẹ ní.

Aláwọ̀n: Àwọ̀n ìsàlẹ̀ ni lóòótọ́, àkọsílẹ̀ oúnjẹ ẹja ńlá sì jẹ́ ti oṣù mẹ́ta péré. Ẹ ṣé gan-an. Bó bá ti jókòó, ṣé mo lè gbé e lọ sí Ecosim, apá tó ń fi àwòṣe rìn láti ọdún dé ọdún, pẹ̀lú vulnerability (bí jíjẹ ṣe lè pọ̀ tó bí ẹja tó ń jẹni bá pọ̀ sí i) 2?

OlùṣíròOmi: Ẹ lè fi bẹ̀rẹ̀, àmọ́ 2 yẹn kàn jẹ́ ohun tí ètò náà fi sí gbogbo ìsọ̀rí ni. Àfi kí ẹ fi àkọsílẹ̀ ọdún dé ọdún tún un ṣe kí ẹ tó gbà á gbọ́. Kí ẹ tó lọ, ẹ wo EE ẹja tí ohunkóhun ò jẹ, tí apẹja ò sì mú: ó yẹ kó sún mọ́ 0. Bí ẹ bá rí 0.9 níbẹ̀, ẹ ti kọ nọ́ńbà kan sí ìlà ẹlòmíì.