Ẹni tó so kámẹ́rà sílé màmá mi ṣì ń rí inú pálọ̀ lórí fóònù rẹ̀. Kí ni kí n ṣe?

Àbẹ̀kẹ́, Manchester
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Lọ́dún tó kọjá, a gbé kámẹ́rà sílé màmá wa n'Íbàdàn: méjì lójú géètì, ọ̀kan lẹ́yìnkùlé, ọ̀kan ní pálọ̀, torí pé ọmọ ọ̀dọ̀ nìkan ló ń bá wọn gbé. Ẹni tó bá wa so ó ló fi nọ́ńbà ara rẹ̀ ṣí àkáǹtì, ó wá pín in fún èmi àti àbúrò mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ló pe màmá pé kí wọ́n sún àga tó dí kámẹ́rà pálọ̀ lójú. Àyà mi já! Ó ní iṣẹ́ òun lòun ń tọ́jú. Ṣùgbọ́n tí ooru bá mú, ìró nìkan ni màmá máa ń ró jókòó síbẹ̀. Ṣé tí mo bá yí password, ó ti tán?

Ìyá Ìbejì
Ẹ ní kí wọ́n yọ ti pálọ̀ lónìí. Ṣé ẹ tiẹ̀ bi màmá léèrè kẹ́ ẹ tó gbé e síbẹ̀? Ilé wọn ni. Ọmọ ọ̀dọ̀ náà sì ní ìhòòhò tó fẹ́ bò.

Oníkámẹ́rà Mọ́kọ́lá
Ẹ̀gbọ́n, iṣẹ́ yìí ni mò ń ṣe. Password nìkan kò tó. Oníṣẹ́ yẹn ni kámẹ́rà mọ̀ sí ẹni tó ni ín. Àlejò lẹ̀yin jẹ́ níbẹ̀. Ẹ má sì gbójú lé bọ́tìnì reset, torí lára ọ̀pọ̀ kámẹ́rà, bẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ tán, tẹ́ ẹ fẹ́ gbé e sórí fóònù yín, á ní ẹlòmíràn ló ni òun. Oníṣẹ́ yẹn fúnra rẹ̀ ló máa yọ ọ́ kúrò nínú áàpù rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó ṣe é lójú yín, lórí video call, kí àbúrò yín wà níbẹ̀ láti fi fóònù tirẹ̀ ya QR tó wà lára kámẹ́rà lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ yí password Wi-Fi, torí ó mọ̀ ọ́n.

Ọ̀pọ̀ nínú wa kò ní èrò ibi. Oníbàárà kì í fẹ́ bá áàpù wọ̀jà, la ṣe máa ń bá wọn ṣí i. Síbẹ̀, kò dáa. Bí wọ́n bá jí fóònù mi, ṣé ilé gbogbo oníbàárà mi ló yẹ kí olè máa wò?

Akin, Houston
Kì í ṣe Nàìjíríà nìkan. Ní 2023, FTC, àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà ní Amẹ́ríkà, fẹ̀sùn kan Ring, ilé-iṣẹ́ kámẹ́rà ilé tí Amazon ni, pé òṣìṣẹ́ rẹ̀ kan wo ẹgbẹẹgbẹ̀rún fídíò àwọn obìnrin nínú ilé wọn. Wọ́n gbà láti san mílíọ̀nù 5.8 dọ́là. Ní 2019 ẹ̀wẹ̀, ní Mississippi, àjèjì kan gba inú kámẹ́rà bá ọmọ ọdún mẹ́jọ sọ̀rọ̀ nínú yàrá rẹ̀. Password téèyàn ti lò níbòmíràn, tó sì ti jò síta, ni wọ́n sábà máa ń fi wọlé bẹ́ẹ̀. Ẹ lo èyí tẹ́ ẹ ò lò rí, kẹ́ ẹ sì tan kóòdù ìgbésẹ̀ kejì tó ń wá sórí fóònù.

Bàbá Ọláídé
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ ti géètì o. Lójú géètì ni olè ń gbà wọlé, kì í ṣe pálọ̀.

Oníkámẹ́rà Mọ́kọ́lá
Òótọ́ ni, bàbá. Ṣùgbọ́n ti géètì náà ń fẹ́ ìtọ́jú. Ní 2016, Mirai, ètò kọ̀ǹpútà burúkú kan, fi password tí ilé-iṣẹ́ fi sínú ẹ̀rọ, irú bí «admin», gba àkóso kámẹ́rà àti DVR (ẹ̀rọ tó ń gba fídíò kámẹ́rà sílẹ̀) rẹpẹtẹ, wọ́n sì fi wọ́n kọlu Dyn, ilé-iṣẹ́ tó ń júwe ọ̀nà ìkànnì fún kọ̀ǹpútà, ní oṣù October. Twitter àti Netflix dákẹ́ mọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́. Àwọn tó ni kámẹ́rà kò mọ̀ rárá. Láti 29 April 2024, òfin Bìrìtìkó ti ka irú password àjọlò bẹ́ẹ̀ léèwọ̀ lára ọjà tuntun, nítorí náà bẹ́ ẹ bá fẹ́ pààrọ̀, ẹ rà á níbi tẹ́ ẹ wà. Tí áàpù bá sì ní update dé, ẹ ṣe é.

Àbẹ̀kẹ́, Manchester
Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti bá màmá sọ̀rọ̀: àwọn kò fẹ́ ti pálọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n kàn gbà nítorí tiwa ni. Ó máa kúrò lọ́la. Oníṣẹ́ náà gbà láti yọ mẹ́ta yòókù lórí video call.

Ìyá Ìbejì
Ẹ yọ memory card inú ti pálọ̀ kẹ́ ẹ tó fi lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.