Mẹ́kúrì méjì: ẹ jẹ́ ká là wọ́n

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ o.

Ẹ̀gbọ́n wa dá a lábàá pé kí á máa pe mẹ́kúrì inú tẹmómítà ní "fàdákà olómi", kí á sì pe ìsọ̀gbé (plánẹ́ẹ̀tì, irú ayé tó ń yí oòrùn po) tí wọ́n jọ ń jẹ́ orúkọ kan náà ní "Èṣù", torí pé ìránṣẹ́ àwọn òrìṣà ni Mercury lọ́dọ̀ àwọn ará Róòmù. Àlàyé náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Àmọ́, ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, n kò gba ìkankan nínú méjèèjì.

"Fàdákà olómi" dùn létí lóòótọ́. Àwọn Gíríìkì pàápàá ń pè é ní omi fàdákà, ibẹ̀ sì ni àmì Hg tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń kọ ti wá. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá sọ bẹ́ẹ̀ fún alágbẹ̀dẹ fàdákà ní Ìlọrin, fàdákà tó yọ́ nínú iná ló máa rò. Ọmọge ń fi fàdákà sọ́rùn. Èyí tí à ń wí yìí, èéfín rẹ̀ ń ba ọpọlọ jẹ́, èyí tí wọ́n sì ń pò mọ́ ìpara ìbóra ń ba kíndìnrín jẹ́. Àwọn awakùsà máa ń fi í gbá wúrà jọ láti inú yẹ̀pẹ̀, wọ́n á wá fi iná sun ún kúrò, wọ́n á sì máa fa májèlé símú. Ta ni yóò sá fún ohun tó ń jẹ́ fàdákà? "Mẹ́kúrì" ni nọ́ọ̀sì ń pè é bí tẹmómítà bá fọ́. Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. (Ó wúwo tó omi lọ́nà mẹ́tàlá àti ààbọ̀, débi pé irin ń léfòó lórí rẹ̀. Fàdákà wo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ lórí tábìlì?)

Ọ̀rọ̀ ìsọ̀gbé ló wá dùn. Nínú Lárúbáwá tí à ń kà nílé kéwú, Utarid ni ìsọ̀gbé, zi'baq ni ti olómi. Àwọn tó ń wá bí wọ́n ṣe máa sọ òjé di wúrà ní Yúróòpù láyé àtijọ́ ló fi orúkọ ìsọ̀gbé pe ohun olómi. Ẹrù wọn ni, kì í ṣe tiwa.

Ní ti Èṣù, n kò fẹ́ ká tún dá ìjà "Èṣù kì í ṣe Sàtánì" sílẹ̀. A ò ní jẹun alẹ́. Ohun tí mo rí ni pé ojú ọ̀run ni àwọn baba wa wò kí wọ́n tó sọ Àgùàlà (Venus) lórúkọ: ó ń bá oṣù rìn, wọ́n ní ajá rẹ̀ ni. Ẹ wo ìsọ̀gbé Mẹ́kúrì yìí náà. Òun ló kéré jù nínú àwọn ìsọ̀gbé mẹ́jọ, òun ló sì sún mọ́ oòrùn jù, nǹkan bíi mílíọ̀nù 58 kìlómítà. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tàbí kété tí oòrùn bá wọ̀ nìkan ni ojú lásán lè rí i. Mo pè é ní Asúnmóòrùn.

Ẹnì kan ní "Asáré", torí pé ọjọ́ 88 ló fi ń yí oòrùn po. Bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ láti ìgbà tí oòrùn bá yọ níbẹ̀ títí yóò fi tún yọ, ọjọ́ 176 tiwa ni. Asáré wo nìyẹn? "Oníná" náà kò bá a mu: ọ̀sán rẹ̀ gbóná tó 430 lórí ìwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, òru rẹ̀ ń tutù dé 180 nísàlẹ̀ òdo, yìnyín sì wà nínú kòtò tí oòrùn kì í dé ní ìpẹ̀kun àríwá àti gúúsù rẹ̀.

Ẹ̀yin Ìgbómìnà, ẹ bá wa bi àwọn àgbà ní Òmù-Àrán àti Ìlá: ṣé wọ́n ní orúkọ fún ìràwọ̀ kékeré tó máa ń yọ nísàlẹ̀ ọ̀run ní àṣálẹ́, tí kì í pẹ́ wọ̀? Bí ó bá wà, mo fọwọ́ sí i ju tèmi lọ.